Ta ló ni àdírẹ́sì yìí? Bí ẹ ṣe lè fi ojú ara yín ka ìwé ẹ̀rí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì

Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 2018. Aago mẹ́wàá ti lọ díẹ̀ l'Ékòó nígbà tí ọ̀nà tí apá kan ayé ń gbà dé ọ̀dọ̀ Google ṣàdédé yí padà. Ẹni tó ń wá nǹkan lórí Google láti Amẹ́ríkà tàbí láti Yúróòpù, wọ́n darí ohun tó tẹ̀ gba Rọ́ṣíà, wọ́n tún darí rẹ̀ gba Ṣáínà, bí ẹni pé Nàìjíríà níbí ni Google ń gbé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ sọnù sí Ṣáínà, kò dé ibì kankan.

Ariwo ta lókè òkun. Àwọn kan ní àwọn ará Ṣáínà ló ń jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ Rọ́ṣíà ni. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ MainOne, àwọn tó ní wáyà abẹ́ òkun tó ti ilẹ̀ Potogí wọ Èkó, fi jáde sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń ṣe àtúnṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn, ètò kan tí àwọn tò ò tọ́, àwọn sì ti tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 74. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú gan-an nìyẹn. Bí àṣìṣe lásán l'Ékòó bá lè gbé Google gba Ṣáínà, kí ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe é ò ní lè ṣe? Owó wa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Áàpù báǹkì, POS, JAMB, ìwé ìrìnnà, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ojú ọ̀nà kan náà.

Ìwé ẹ̀rí wà tó ń sọ ẹni tó ni àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbangba ni ìwé yìí wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà sì lè ṣí i wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí i àti bí wọ́n ṣe ń kà á. Ohun tí a fẹ́ wò lónìí nìyẹn.

Bí ọ̀nà ṣe ń là lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló so mọ́ra wọn: MTN, Glo, àwọn yunifásítì, àwọn báǹkì ńlá, Google, Facebook. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AS. AS15169 ni ti Google, AS37282 ni ti MainOne. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ní àdírẹ́sì IP tirẹ̀, ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ sì ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Bí ẹ bá rí 8.8.8.0/24, ìdìpọ̀ àdírẹ́sì 256 nìyẹn, láti 8.8.8.0 títí dé 8.8.8.255. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn ló ń sọ bí ìdìpọ̀ náà ṣe tó. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ìdìpọ̀ ṣe ń kéré sí i, torí náà /22 tóbi ju /24 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Báwo wá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣe ń mọ ibi tí òmíràn wà? Ńṣe ni wọ́n ń kéde. Ráútà kan á sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, "8.8.8.0/24 wà lọ́dọ̀ mi o, ẹ gba ibí." Aládùúgbò á sọ fún aládùúgbò tirẹ̀, títí tí gbogbo ayé á fi gbọ́. BGP ni wọ́n ń pe ètò ìkéde yìí. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ní tòun ni, tirẹ̀ ni. Bí èèyàn méjì bá kéde ibì kan náà, ẹni tó kéde ìdìpọ̀ tó kéré jù ni ráútà máa ń tẹ̀lé, torí ó gbà pé onítọ̀hún mọ ibẹ̀ ju ẹnì kejì lọ.

Ohun tó gbé YouTube ṣubú ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2008 nìyẹn. Ìjọba Pakistan ní kí wọ́n ti YouTube pa ní orílẹ̀-èdè wọn. Pakistan Telecom bá kéde 208.65.153.0/24, tó jẹ́ ara 208.65.152.0/22 ti YouTube, kí àwọn ará ilé wọn má bàa rí YouTube wò. Ìkéde ọ̀hún yọ jáde, ó gba ọ̀dọ̀ PCCW ní Hong Kong, ó sì kárí ayé. Nítorí pé /24 kéré ju /22 lọ, gbogbo ráútà yà sọ́dọ̀ Pakistan. Fún nǹkan bíi wákàtí méjì, kò sí YouTube fún ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé.

Ìyẹn, ẹ lè ní àṣìṣe ni. Ti ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 2018 kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn olè kéde àdírẹ́sì Amazon bí ẹni pé tiwọn ni, wọ́n fi darí àwọn tó ń lọ sí MyEtherWallet, níbi tí àwọn èèyàn ń kó owó kírípítò sí, lọ sí ojú ìwé ayédèrú. Wọ́n kó owó tó ń lọ sí $150,000. Àwọn tí wọ́n jà lólè ò tẹ àdírẹ́sì tó yàtọ̀ o. Ohun tó tọ́ gan-an ni wọ́n tẹ̀. Ọ̀nà ló yà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ìwé ilẹ̀

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdú, ní Ìbàfò tàbí ní Ìbàdàn á tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ọmọ onílẹ̀ kan á dúró lórí ilẹ̀, á ní ti bàbá òun ni. Ẹlòmíràn á dé lọ́la, á ní ti bàbá tòun ni. Ẹni tó gbọ́n kò ní tẹ̀lé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ìwé survey ni yóò gbà, á gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba, á ní kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ti ọ̀dọ̀ wọn mu.

Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì. RPKI lorúkọ ètò náà. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló ń pín àdírẹ́sì láyé, àwọn márààrún náà ló sì ń fọwọ́ sí ìwé. Ti ilẹ̀ Áfíríkà ni AFRINIC, tó wà ní orílẹ̀-èdè Mauritius. RIPE NCC ló wà fún Yúróòpù, ARIN fún Amẹ́ríkà àti Kánádà, LACNIC fún Bùràsíìlì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, APNIC sì wà fún Éṣíà. AFRINIC á fún ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà ní ìwé ẹ̀rí pé àwọn àdírẹ́sì báyìí báyìí jẹ́ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà á wá fi ìwé ẹ̀rí yẹn fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ROA.

Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú ROA: ìdìpọ̀ àdírẹ́sì, nọ́ńbà AS tó láṣẹ láti kéde rẹ̀, àti bí ìdìpọ̀ tó kéré jù tó lè kéde nínú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣe ìfọwọ́sí rẹ̀, kì í ṣe bírò, torí náà kò sẹ́ni tó lè lọ tẹ ayédèrú rẹ̀ jáde ní Olúwòlé.

Nígbà tí ráútà bá gbọ́ ìkéde kan, tó sì fi wé ROA, ìdáhùn mẹ́ta ló ṣeé ṣe. Valid: ìwé wà, ó sì bá ìkéde mu. Invalid: ìwé wà, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kéde. NotFound: kò sí ìwé rárá, bí ilẹ̀ ẹbí àtijọ́ tí gbogbo ìlú mọ onílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní C of O. Ìkéde tí kò níwèé ṣì ń kọjá. Èyí tí ìwé bá tako ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mọṣẹ́ máa ń jù nù. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ọ̀nà IPv4 tó níwèé kọjá ìdajì gbogbo ọ̀nà tó wà láyé, nǹkan bí ọdún 13 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé nígbà yẹn, nǹkan bí ìdajì ṣì wà láìníwèé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò

Ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal la máa lò, ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà láìsí pé ó ń fi máòsì tọ́ka. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Kò sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú ohun tí a fẹ́ tẹ̀ yìí, ìwé là ń kà. Kọ̀ǹpútà Linux ló rọrùn jù. Bí ẹ bá ń lo Ubuntu tàbí Debian, àṣẹ yìí á kó irinṣẹ́ tí ẹ nílò wá:

sudo apt install whois curl openssl rpki-client

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń kéde àdírẹ́sì kan. Ilé-iṣẹ́ Team Cymru ní ẹ̀rọ kan tó ń dáhùn ìbéèrè yìí lọ́fẹ̀ẹ́:

whois -h whois.cymru.com " -v 8.8.8.8"

Yóò dá yín lóhùn ní ìlà kan: nọ́ńbà AS, àdírẹ́sì, ìdìpọ̀ tó wà nínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè, ilé-iṣẹ́ tó pín in, àti orúkọ onítọ̀hún. Níbí, AS15169, 8.8.8.0/24, Google lẹ máa rí. Ẹ lè fi àdírẹ́sì IP tiyín rọ́pò 8.8.8.8, kí ẹ mọ AS ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Áfíríkà, AFRINIC ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀:

whois -h whois.afrinic.net AS37282

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i. Ohun tí whois ń sọ, àkọsílẹ̀ lásán ni, kò ní ìfọwọ́sí ìṣirò lábẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò pé ta ló ni ilẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ òótọ́, kì í ṣe ẹ̀rí. Láti mọ ohun tí ìwé sọ, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ RIPE NCC, tó ń bá gbogbo ayé yẹ̀ ẹ́ wò:

curl "https://stat.ripe.net/data/rpki-validation/data.json?resource=15169&prefix=8.8.8.0/24"

Ọ̀rọ̀ á pọ̀ lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tó kọ "status" sí. Bó bá jẹ́ valid ló wà níwájú rẹ̀, ìwé bá ìkéde mu. Ẹ wá yí 15169 yẹn sí nọ́ńbà mìíràn, kí ẹ tún béèrè. Ó máa yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tí ẹ dárúkọ kì í ṣe ẹni tó wà nínú ìwé.

Èyí dára fún ẹni tó ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú tiwa, kò tó fún ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì tàbí ti yunifásítì. Ẹnì kan ló bá yín ka ìwé yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ kà á. Bó bá parọ́, ẹ ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ kejì fi wà, èyí tó máa lọ kó gbogbo ìwé ẹ̀rí ayé wá sórí kọ̀ǹpútà yín, tó máa yẹ ìfọwọ́sí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì máa da èyí tí kò tọ́ nù. Méjì ló gbajúmọ̀ jù. Àwọn OpenBSD ló ṣe rpki-client, NLnet Labs ti ilẹ̀ Netherlands ló sì ṣe Routinator. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

sudo rpki-client -v

Ìgbà àkọ́kọ́ máa pẹ́ díẹ̀, ó sì máa jẹ dátà, torí náà ẹ má fi dátà fóònù ṣe é bí ẹ bá ń ṣọ́ owó. Nígbà tó bá parí, ẹ sọ pé kó kọ àbájáde rẹ̀ sí fáìlì csv, ẹ ó wá rí ìlà tí kò lóǹkà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà AS, ìdìpọ̀ àdírẹ́sì, ibi tí ìdìpọ̀ lè kéré mọ, ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, àti ìgbà tí àṣẹ rẹ̀ máa tán. Láti yọ ti Google nìkan:

grep '^AS15169,' csv

Ẹ fi nọ́ńbà AS ilé-iṣẹ́ tiyín síbẹ̀. Bí kò bá mú ìlà kankan wá, kò sí ROA tó fún nọ́ńbà yín láṣẹ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá lọ kéde àdírẹ́sì yín láàárọ̀ ọ̀la, tí kò bá sí ìwé lórí wọn, kò sí ohun tí ayé máa fi mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀.

Inú ìwé gan-an ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣí èyí tó wà lókè pátápátá, ìwé tí AFRINIC fúnra rẹ̀ fi ń fọwọ́ sí ti àwọn yòókù:

curl -O https://rpki.afrinic.net/repository/AfriNIC.cer
openssl x509 -inform DER -in AfriNIC.cer -noout -text

openssl yìí náà ni wọ́n fi ń wo ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àmì àgádágodo sórí ojú ìwé báǹkì yín. Ẹ ó rí ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ sún wálẹ̀ sí ibi tó kọ sbgp-ipAddrBlock sí. Ibẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti báǹkì, torí ibẹ̀ ni wọ́n to àdírẹ́sì sí. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu: 0.0.0.0/0. Gbogbo àdírẹ́sì ayé nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ náà ni ti RIPE NCC rí, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. Àwọn márààrún ló kọ gbogbo ayé sínú ìwé tiwọn. Wọ́n ní ìdí. Àdírẹ́sì máa ń kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, wọn ò sì fẹ́ kí ìwé ẹni ẹlẹ́ni bàjẹ́ lásìkò tí wọ́n ń kó o. Síbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé bí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ó lè fọwọ́ sí ìwé lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti àgbègbè rẹ̀. Àwọn tó ṣe rpki-client rí èyí, wọ́n fi fáìlì kan kún irinṣẹ́ wọn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn márùn-ún náà, tó ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n a gba tiwọn.

ROA kò ṣeé kà dáadáa pẹ̀lú openssl, ó máa jáde bí àmì tí kò nítumọ̀. rpki-client ló mọ̀ ọ́n túmọ̀:

rpki-client -f orukọ-faili.roa

Á kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó fọwọ́ sí i, ìgbà tó fọwọ́ sí i, ìgbà tó máa parí, nọ́ńbà AS, àti ìdìpọ̀ àdírẹ́sì pẹ̀lú maxlen rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ á sọ bóyá ìwé náà yege. Ẹ wo maxlen yẹn dáadáa. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní /16, tó ń kéde /16 yẹn nìkan, àmọ́ tó kọ 24 síbẹ̀ pé "bóyá a máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú", ńṣe ló dà bí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí. Olè tó gbọ́n á kéde /24 kan nínú rẹ̀, á fi nọ́ńbà AS onílẹ̀ sí ìdí ìkéde náà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá, ìwé á sì ní ó tọ́. Ìlànà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kí èèyàn kọ ohun tó ń kéde gan-an sínú ìwé, kó má fi kún un.

Bí ẹ bá rí ROA tí nọ́ńbà AS inú rẹ̀ jẹ́ 0, ẹ má rò pé wọ́n ṣì í kọ. AS0 túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kéde àdírẹ́sì yìí. "Ilé yìí kì í ṣe títà" tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri ni.

Ẹ dán an wò

RIPE NCC mọ̀ọ́mọ̀ ń kéde ìdìpọ̀ méjì kan tí èèyàn lè fi kọ́ṣẹ́. Ìwé ọ̀kan tọ́, ti èkejì kò tọ́. Pẹ̀lú Routinator, ẹ tẹ:

routinator validate --asn 12654 --prefix 93.175.146.0/24
routinator validate --asn 12654 --prefix 93.175.147.0/24

Ti àkọ́kọ́ á yege. Ti èkejì á já, torí ROA tó wà lórí rẹ̀ dárúkọ AS mìíràn. Bí ẹ bá fi --json kún un, Routinator á sọ ìdí tó fi já fún yín, yálà nọ́ńbà AS ni kò bára mu tàbí gígùn ìdìpọ̀.

Ó ku ìdánwò tí ẹni tó ń ra dátà lásán náà lè ṣe, tí kò nílò ju ìlà méjì lọ:

curl -m 10 https://valid.rpki.cloudflare.com
curl -m 10 https://invalid.rpki.cloudflare.com

Cloudflare ló gbé méjèèjì kalẹ̀. Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Èkejì wà lórí àdírẹ́sì tí ìwé rẹ̀ kò tọ́, torí náà kò yẹ kó dáhùn. Bó bá dáhùn, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ò ju ìkéde tí ìwé tako nù, àwọn tí òun náà ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ wọn ò sì bá a jù ú nù. Ìwé yín lè pé pérépéré, tí kò bá sẹ́ni tó ń kà á, asán ni.

Ohun tí ìwé yìí ò lè ṣe

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ 2018, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í sọ. Wọ́n á ní ká ní RPKI ti gbilẹ̀ nígbà yẹn ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ kì bá tí ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. MainOne ò sọ pé òun ló ni àdírẹ́sì Google. Google àti MainOne jọ ń pàdé ní IXPN l'Ékòó, níbi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń so mọ́ra wọn. Google sọ ọ̀nà rẹ̀ fún MainOne níbẹ̀ kí MainOne lè lò ó fún àwọn oníbàárà tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, MainOne lọ sọ ọ́ fún China Telecom, China Telecom náà sọ ọ́ fún àwọn yòókù, TransTelecom ti Rọ́ṣíà wà lára wọn. Nínú ìkéde yẹn, AS15169 ti Google ṣì ni onílẹ̀. Bí ẹ bá fi gbogbo irinṣẹ́ tí a sọ lókè yìí yẹ̀ ẹ́ wò, valid ni wọ́n máa dáhùn.

Ìwé ilẹ̀ ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń mú yín gbà débẹ̀ ni ọ̀nà tó yẹ. Fún ìyẹn, wọ́n ti ń ṣe ìwé mìíràn tó ń jẹ́ ASPA, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan á ti kọ orúkọ àwọn tó ń bá a gbé ọ̀nà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Ìkéde tó bá gba ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí nínú ìwé á hàn sójú. .asa ni ìparí orúkọ fáìlì rẹ̀, rpki-client sì ti mọ̀ ọ́n kà bó ṣe mọ ROA kà.

Ewu kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ìwé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kìíní, ọdún 2024, ẹnì kan wọ àkáǹtì Orange ti ilẹ̀ Sípéènì lọ́dọ̀ RIPE NCC. Fáírọ́ọ̀sì ló ti jí páásíwọ́ọ̀dù náà látorí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kan, "ripeadmin" sì ni páásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún. Kò sí kóòdù kejì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù. Onítọ̀hún ò já wáyà kankan, kò fọwọ́ kan ráútà kankan. ROA tuntun ló kọ, ó fi AS tí kì í ṣe ti Orange síbẹ̀. Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ka ìwé láyé rí i pé ìkéde Orange ti di invalid, wọ́n jù ú nù. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dàrú mọ́ àwọn oníbàárà wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni RIPE NCC sọ kóòdù kejì di dandan fún gbogbo àkáǹtì.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá ẹ̀yin tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, yálà ní iléèwé, ní ilé ìwòsàn tàbí ní báǹkì kéékèèké. Kíkọ ROA lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ẹ fi kóòdù kejì sí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ AFRINIC. Ẹ jẹ́ kí rpki-client máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kó máa yọ ìlà tó ní nọ́ńbà AS yín àti èyí tó ní àdírẹ́sì yín sọ́tọ̀, kó sì fi wé ti wákàtí tó ṣáájú, láìka ìgbà tí àṣẹ rẹ̀ máa tán sí. diff tó wà lórí gbogbo Linux tó fún ìyẹn. Bí ìlà kan bá yí padà tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yí i, ẹ pe AFRINIC, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn.